“Ẹ̀tọ́ omi” ò tíì jinná: ìpọnmi ọ̀tọ̀, ìfami ọ̀tọ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú wàhálà ọ̀rọ̀. Mo ti ka ìtumọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n wa ará Òmù-Àrán gbé síwájú àwa tá a jọ ń túmọ̀ èdè, èyí tó dá lórí ilẹ̀ oko ìrèké ní Maui, erékùṣù kan ní Hawaii lọ́hùn-ún, wọ́n ní ká bá àwọn wo “ẹ̀tọ́ omi” tí wọ́n fi túmọ̀ water rights, ká wo “àyẹ̀wò àyíká” tí wọ́n fi rọ́pò EIA (Environmental Impact Assessment, ìwádìí ohun tí iṣẹ́ kan máa ṣe fún àyíká), ká tún wo “ìgbẹ́kẹ̀lé aráàlú” tí wọ́n fi túmọ̀ public trust. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, kò rọrùn rárá, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò tíì jinná.

Fún àwọn tí ò tíì kà á: láti nǹkan bíi ọdún 1876 làwọn olóko ìrèké Maui ti ń la kòtò, tí wọ́n ń ya omi àwọn odò apá ìlà-oòrùn lọ sí àárín erékùṣù níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, kí ìrèké lè rí omi mu. Ọdún 2016 ni ilé iṣẹ́ ṣúgà tó gbẹ̀yìn kógbá wọlé, nígbà tó sì di ìparí 2018 wọ́n ta nǹkan bíi éékà 41,000 fún ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Mahi Pono, àwọn yẹn ní èso àti kọfí àti ẹ̀fọ́ làwọn fẹ́ gbìn. Wàyí o, ìrèké ti lọ, ta ló ni omi? Àwọn tó ń gbin kalo létí odò ní kí omi padà sójú ọ̀nà ẹ̀ (kalo yẹn, kókò tiwa náà ni o, a kàn ń pè é lórúkọ ọ̀tọ̀ ni), olóko tuntun náà ní tí ò bá sí omi kòtò, kí lòun fẹ́ fi ilẹ̀ gbígbẹ ṣe.

Ẹ wá wò ó, tá a bá kọ “ẹ̀tọ́ omi” síbẹ̀, ti ta ni? Ẹni tó ń pọnmi ni àbí ẹni tó ń ya odò? Ẹ lọ sétí odò Àsà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lápá ibi táwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ wà, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí wọn. Ìyá tó gbé kẹ́ẹ̀gì wá, pípọn ló wá pọnmi. Ọ̀dọ́kùnrin tó gbé pọ́ńpù kalẹ̀ tó na ọ́ọ̀sì gbọọrọ wọnú àkùrọ̀, fífà ló ń fami, ẹ ó sì gbọ́ táwọn tó wà nísàlẹ̀ odò á máa pariwo pé kó rọra o. Ẹni tó bá kó àpò yanrìn dí ojú odò, wọ́n á ní lágbájá ti sé odò, ìyẹn ló ń dìjà. Tó bá wá la kòtò kómi lè gba ibòmíì lọ, ó ti ya odò nìyẹn. Pọn, fà, sé, yà, kò sí èyí tí wọ́n ń fi rọ́pò ìkejì níbẹ̀, àwa tá a jókòó ti kọ̀ǹpútà la fẹ́ da gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú “ẹ̀tọ́ omi.”

Òfin tiwa ní Nàìjíríà náà yà wọ́n sọ́tọ̀. Òfin omi ti 1993, èyí tí wọ́n ń pè ní Decree 101, sọ pé ẹnikẹ́ni lè bu omi lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìlò ilé tàbí fún ẹran ọ̀sìn, níbikíbi táwọn aráàlú bá ti lè dé odò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sé e tàbí yà á tàbí fà á fún òwò, láísẹ́ǹsì ló máa gbà. Èyí àkọ́kọ́ yẹn ni mo gbà pé ó jẹ́ ẹ̀tọ́. Èyí tó kù, àṣẹ ni, wọ́n fún un, wọ́n sì lè gbà á. Torí náà àbá tèmi ni “ẹ̀tọ́ ìpọnmi” lápá kan, “àṣẹ ìfami” lápá kejì. Àbúrò wa tó ń kọ́ṣẹ́ agbẹjọ́rò ní ká má yọ “ẹ̀tọ́” kúrò níbi kankan kó má bàa dà bíi pé a ń gba nǹkan lọ́wọ́ olóko, àbúrò, ìwé àṣẹ ọdọọdún tí ìjọba ń tún fọwọ́ sí ni ilé iṣẹ́ Maui yẹn fi ń ya odò fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ ni, kí ni wọ́n ń tọrọ ẹ̀ lọ́dọọdún fún?

Àǹtí wa kan dábàá “ìyami,” láti ara ya omi. Ó mọ́gbọ́n dání, mi ò jiyàn, àmọ́ ẹ wo bá a ṣe ń tẹ̀wé lórí fóònù láìfi àmì sí i, ẹ bá mi ro ẹni tó máa ka “ijoba fun ile ise ni iyami” láàárọ̀ kùtù. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn ìyá wa sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ẹnìkan tún ní Yorùbá ò lè ní irú ọ̀rọ̀ báyìí nítorí omi ò lọ́tàá. Omi ò lọ́tàá lóòótọ́, ẹni tó sé e ló lọ́tàá.

Ó ku EIA. “Àyẹ̀wò àyíká” fúyẹ́ jù, bí ìgbà tí wọ́n lọ wò bóyá gọ́tà dọ̀tí ni, kò sì sọ pé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wáyé. Òfin wa lórí ẹ̀, Decree 86 ti 1992, kò fi mọ sí igbó tí wọ́n fẹ́ sọ doko nìkan, ó ní oko ńlá tó bá tó hẹ́kítà 500 sókè tí wọ́n fẹ́ yí ohun tí wọ́n ń fi ṣe padà, dandan ni kí wọ́n ṣe é. Ibẹ̀ gan-an làwọn èèyàn máa ń sọ pé “ṣebí oko náà ni tẹ́lẹ̀, kí lẹ tún fẹ́ yẹ̀ wò?” Mo fara mọ́ “ìwádìí àtubọ̀tán iṣẹ́ lórí àyíká.” Wọ́n ní àtubọ̀tán ń rùn wàásù, pé ẹ̀ṣẹ̀ nìkan ló ń ní in. Rárá o, ní Ìlọrin níbí, ṣé a kì í gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí àtubọ̀tán wa dáa ni? Ó lè dáa, ó lè burú, ohun tí ìwádìí yẹn sì fẹ́ mọ̀ nìyẹn.

“Ìgbẹ́kẹ̀lé aráàlú” ní tiẹ̀ ṣìnà pátápátá, ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ni pé aráàlú fọkàn tán ìjọba, ta ló sì sọ fún yín? Ohun tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Hawaii sọ ní 2000, nínú ẹjọ́ Waiāhole lórí omi oko ìrèké mìíràn tó ti kógbá wọlé, ni pé ìjọba kàn ń bá aráàlú tọ́jú omi ni, kì í ṣe tìjọba. Àgbàfipamọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ táwọn alfa wa ń wàásù lé lójoojúmọ́. “Omi jẹ́ àgbàfipamọ́ lọ́wọ́ ìjọba,” ó tán.

“Oko àpatì” tẹ́ ẹ lò fún ilẹ̀ náà, ó dáa, mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún ni ìwọ̀n omi tí ìjọba ní ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù nínú odò, tí olóko kankan ò gbọ́dọ̀ fà. Mo ti gbìyànjú “omi àìgbọdọ̀fà,” ó gùn jù lẹ́nu. Ẹni tó bá ní apẹja tàbí atukọ̀ nílé lápá Ọ̀yun tàbí Jẹ́bà kó bá wa bi wọ́n ohun tí wọ́n ń pe omi tó bá ṣẹ́kù díẹ̀ tí ọkọ̀ ṣì lè gbà kọjá, bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.