Ọmọ mi fẹ́ di ọ̀gá ní ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Chicago ni mò ń gbé. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì, ìmọ̀ ìṣirò ló kà. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù ló fẹ́ wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń pinnu agbábọ́ọ̀lù tí wọn yóò rà àti èyí tí wọn yóò tà. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń fi pẹ́ńsù kọ gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù sínú ìwé. Àwọn ìwé náà kún àpótí méjì lábẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Kim Ng ló ń wò bí àwòkọ́ṣe. Ẹgbẹ́ White Sox níbí nìyẹn ti bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ó ṣe igbákejì ọ̀gá ní ẹgbẹ́ Yankees àti Dodgers, kí ẹgbẹ́ Miami Marlins tó fi í ṣe ọ̀gá (general manager) ní 2020, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà nínú líìgì béèsìbọ́ọ̀lù tó ga jù ní Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún! Theo Epstein ní tirẹ̀, ọmọ ọdún 28 ni nígbà tí ẹgbẹ́ Red Sox gbé e sípò kan náà ní 2002. Ìyàtọ̀ yìí ń dùn mí.

Ẹgbẹ́ kan ti pè é fún ìkọ́ṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò tó san ilé. Bàbá rẹ̀ ní kó gba iṣẹ́ báǹkì. Ṣé kó lọ ni? Àbí kó kọ́kọ́ ka ìwé òfin, tí Epstein náà kà? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti gba irú ọ̀nà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ọjọ́ Ẹtì ló gbọ́dọ̀ fún wọn lésì.