Ẹ̀kọ́ ààbò fún àwọn tó ń gba ọkọ̀ ojú omi lọ gbafẹ́: kí la máa ṣe tí yóò fi wọ̀ wọ́n létí?

Alága Ẹgbẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ wa ń la àwọn tó ń wọkọ̀ lọ sí Tarkwa Bay, etíkun ìgbafẹ́ kan l'Ékòó, lópin ọ̀sẹ̀ lọ́yẹ̀. A ti pín ìwé pélébé, a ti sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Síbẹ̀, láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹ̀wù tó ń mú èèyàn léfòó lórí omi, ni wọ́n fi ń ṣe tìmùtìmù. Kí ló yẹ ká yí padà? Owó wa ò pọ̀.

Olùkọ́ Omi: Ẹ kúrò lórí rédíò, ẹ wá sí jẹ́tì tí wọ́n ti ń wọkọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọkọ̀ ti tó. Kí kálukú wọ jákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kó de gbogbo okùn rẹ̀, kó sì nawọ́ méjèèjì sókè. Kí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú, kó fà á sókè. Tó bá gùn dé àgbọ̀n tàbí etí, ó tóbi jù tàbí kí okùn rẹ̀ dẹ̀. Bó ṣe máa bọ́ lára rẹ̀ nínú omi nìyẹn. Ìwọ̀n ara la fi ń mú ti ọmọdé, kì í ṣe ọjọ́ orí, kó sì ní okùn tó gba àárín itan kọjá.

Ọ̀rọ̀ tìmùtìmù yẹn: ẹ tẹ fóòmù rẹ̀. Èyí tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò wú padà ti kú, jíjókòó lé e ló sì ń pa á. Ẹ mú ọ̀kan tó ti kú dání, kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń sọ pé òun mọ̀wẹ̀ ló ṣòro jù. Ẹ bi í léèrè bó ṣe máa wẹ̀ tó bá forí gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kó tó já sómi.

Ọmọ Ọ̀sà: Òótọ́ ni, àmọ́ awakọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́. Bí òun fúnra rẹ̀ ò bá wọ jákẹ́ẹ̀tì, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ẹ kọ́ ọ láti so okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ara rẹ̀ kó tó kúrò ní jẹ́tì. Tó bá já sómi láìso ó, ọkọ̀ á máa yí po, pùròpẹ́là, abẹ tó ń yí nídìí ẹ́ńjìnnì, á sì padà wá bá a. Ní Amẹ́ríkà, òfin ni láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2021 fún ọkọ̀ tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 26.

Fún ọkọ̀ kékeré tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ẹ fi fífẹ̀ rẹ̀ sọ gígùn rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ fi 15 pín in. Ẹsẹ̀ bàtà 18 lọ́nà 6 jẹ́ 108. Èèyàn méje ni, pẹ̀lú awakọ̀, nígbà tí omi bá rọlẹ̀. Ẹrù wúwo máa ń dín iye náà kù.

Lẹ́nu òkun níbẹ̀, nígbà tí omi ọ̀sà bá ń fà jáde pàdé ìgbì òkun, ìgbì á dìde ṣánṣán. Ibẹ̀ gan-an làwọn èèyàn ti ń dìde ya fọ́tò, tí gbogbo wọn á rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ á sì dojú dé. Ẹ kọ́ wọn pé tó bá dojú dé, kí wọ́n di ara ọkọ̀ mú, kí wọ́n má ṣe wẹ̀ lọ sétí omi. Ẹ fi Yorùbá, Ègùn àti Píjìn sọ ọ́.

Alága Ẹgbẹ́: Ẹ ṣeun púpọ̀. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Olùkọ́ Omi: Ẹ má ka iye èèyàn tó wá gbọ́ yín. Ẹ fi ẹni méjì sí jẹ́tì lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n ka àwọn tó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó sì dè é, kí wọ́n ya ọmọdé sọ́tọ̀. Ẹ kà á ní Sátidé méjì ṣáájú ìlanilọ́yẹ̀, kí ẹ tún kà á lóṣù kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ tún kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́, torí ìgbà yẹn ni ọtí ti wọ̀ wọ́n lára, tí jákẹ́ẹ̀tì sì ti wà nísàlẹ̀ ọkọ̀.