Ẹ gbà mí o: wọ́n dá fọ́ọ̀mù tí mo kọ nítorí àwọn ọmọ mi padà ní kóòtù

Ìyá Àdùkẹ́ (Ìgbògbò)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Àwọn ọmọ mi ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ bàbá wọn. Wọ́n ní kí n lọ gba fọ́ọ̀mù ní kóòtù, mo gbà á, mo sì kọ gbogbo ohun tí ojú mi rí nílé ọkùnrin yẹn sí i. Mo kọ ti ìyá rẹ̀ tó máa ń ka ẹran inú ọbẹ̀ mi. Mo kọ ti àbúrò rẹ̀ tó gbé léèsì mi wọ lọ sóde láìtọrọ. Mo kọ ti obìnrin Sábó kan tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i lóru. Fọ́ọ̀mù ò gbà á, mo so ìwé mìíràn mọ́ ọn. Obìnrin tó jókòó ti fáìlì kàn ṣí i wò gààràgà, ó ní, "Màdáámù, kò rí báyìí o, ẹ lọ tún un kọ." Kò sọ ibi tó ti bàjẹ́. Àfi bíi pé bàbá àwọn ọmọ ti lọ rí obìnrin yẹn.

Àwọn ọmọ lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní wọn ò ní padà mọ́. Èmi ni mo bí wọn, èmi ni mo ń sanwó ilé ìwé. Mi ò rí oorun sùn. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù yìí kí wọ́n má bàa dá a padà mọ́?

Akọ̀wé Fáìlì
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ ò tíì sọ ohun tí a máa fi ràn yín lọ́wọ́. Irú ìgbéyàwó wo ni ẹ ṣe? Ọmọ ọdún mélòó ni àwọn ọmọ, ibo ni wọ́n sì ń sùn báyìí? Ṣé ẹnikẹ́ni ti pe ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀? Kí ni ẹ kọ síbi tí wọ́n ti bèèrè ohun tí ẹ fẹ́ kí kóòtù ṣe?

Màmá Aláṣọ
Ẹran inú ọbẹ̀! Ìyá Àdùkẹ́, kí ló kan adájọ́ nínú ẹran inú ọbẹ̀? Ẹ fẹ́ kó pín ẹran ni àbí kó dá ọmọ padà?

Bàbá Ìmọ̀ta
Nílẹ̀ Yorùbá, bàbá ló lọmọ. Kí obìnrin yìí lọ bá àwọn àgbà ìdílé ọkọ rẹ̀, kó kúnlẹ̀. Kóòtù máa ń ba ilé jẹ́ ni.

Lọ́yà Wa
Bàbá, ẹ má bínú. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007 ò sọ pé ti bàbá ni tàbí ti ìyá. Ohun tó máa ṣe ọmọ lóore jù ni kóòtù máa kọ́kọ́ wò, ọmọ sì ni ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18. Kódà nínú àṣà ìbílẹ̀, Kóòtù Gíga Jù Lọ ti sọ ọ́ ní 1989 nínú ẹjọ́ Okwueze pé àlàáfíà ọmọ ló ṣíwájú ẹ̀tọ́ tí bàbá ní. Kò túmọ̀ sí pé ìyá ló máa borí o. Ó túmọ̀ sí pé kí ẹni tó ń bèèrè fi hàn bí ọmọ ṣe ń jẹun, ibi tó ń sùn, ilé ìwé tó ń lọ, àti ẹni tó ń gbé e lọ sí ọsibítù.

Ìyá Àdùkẹ́
Yìgì la so, a sì ṣe ìdáná. A ò lọ sí rẹ́jísìrì. Àgbà ń bẹ lọ́dún 8, àbúrò rẹ̀ ń bẹ lọ́dún 4. Bàbá Ìmọ̀ta, mi ò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, bí mi ò bá kọ ìwà rẹ̀, báwo ni adájọ́ ṣe máa mọ irú ẹni tó jẹ́?

Akọ̀wé Fáìlì
Ẹ ti dáhùn díẹ̀, ó ṣẹ́ ku. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ yìgì, kì í ṣe Háì Kóòtù ló máa tú ìgbéyàwó yín ká. Ti ìgbéyàwó rẹ́jísìrì ni Háì Kóòtù ń gbọ́. Ti ìbílẹ̀ àti ti yìgì, kóòtù kọ́sítọ́márì, ìyẹn kóòtù ìbílẹ̀, ni. Ọ̀rọ̀ ọmọ nìkan, láìdé orí ìkọ̀sílẹ̀, ilé ẹjọ́ ẹbí tó wà lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ lè gbọ́ ọ, irú ìgbéyàwó yòówù kó jẹ́. Ó ní ti májísíréètì, ó ní ti Háì Kóòtù.

Ní ti ìwà ọkùnrin náà: ibi tí ẹ ti ń sọ ọ́ ni ìwé ìbúra (affidavit) tó máa ń tẹ̀lé fọ́ọ̀mù. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ti là á sílẹ̀: ìwé ìbúra kò gbọdọ̀ ní àríyànjiyàn, ẹ̀bẹ̀ tàbí ìdájọ́ tí ẹ ti dá fúnra yín. Ohun tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ sọ, ní ẹsẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ fún ní nọ́ńbà, ẹ máa sọ pé "èmi". Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹ dárúkọ onítọ̀hún, ẹ sọ ọjọ́ àti ibi tó ti sọ ọ́. Ẹ ò ní kọ "aláìláàánú ni, kò bìkítà fún ọmọ." Ẹ ó kọ ọ́ báyìí: "Láti ìgbà tí sáà tuntun ti wọlé, ọmọ mi kejì kò tíì dé kíláàsì. Tíṣà rẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìyí, ló sọ ọ́ fún mi ní ọgbà ilé ìwé ní ọjọ́ báyìí." Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kan wọ adájọ́ létí ju ojú ìwé mẹ́wàá ti èébú lọ.

Orí ìwé ìbúra ní láti gbé orúkọ yín ní kíkún, iṣẹ́ yín, ibi tí ẹ ń gbé, àti ọmọ orílẹ̀-èdè tí ẹ jẹ́. Ẹ má fọwọ́ sí i nílé! Iwájú ẹni tó ń gba ìbúra ní kóòtù ni ẹ ti máa fọwọ́ sí i. Èyí tí ẹ ti fọwọ́ sí wá láti ilé, wọ́n máa ní kí ẹ tún un tẹ̀ ni. Bí ẹ bá ṣi nǹkan kọ, ẹ fa ìlà sí i, kí ẹ̀yin àti ẹni tó gba ìbúra fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi òdà funfun pa á rẹ́.

Ọmọ Àgbàwí
Ẹ lọ sí tésàn, kí ọlọ́pàá lọ kó àwọn ọmọ jáde. Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù.

Lọ́yà Wa
Ọmọ Àgbàwí, ẹ má ti obìnrin yìí sínú wàhálà. Iṣẹ́ ọlọ́pàá kọ́ ni láti pín ọmọ fún ìyá tàbí bàbá. Bí wọ́n bá ń lu ọmọ, tàbí wọ́n ń fi ebi pa á, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ pe àjọ tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ fún ìwà ipá nínú ilé, tàbí ẹ̀ka tó ń bójú tó ọmọdé. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, Ilé Ìlàjà Aráàlú tí ìjọba Èkó ní ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ọ̀fẹ́ ni.

Akọ̀wé Fáìlì
Lọ́yà, mi ò fara mọ́ èyí. Ìlàjà dára bí ọkùnrin náà bá wá síbẹ̀. Ilé ìlàjà ò lè fipá mú ẹni tó bá kọ̀ láti wá. Bí ọmọ bá ti ń pa ilé ìwé jẹ, kóòtù ni kí wọ́n gbà lọ, ìlàjà lè máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kódà adájọ́ fúnra rẹ̀ lè dá wọn padà fún ìlàjà.

Lọ́yà Wa
Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó lọ́yà tó lọ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, àárín ọ̀nà ló máa já a sí. Ọ́fíìsì Agbẹjọ́rò Aráàlú ti ìpínlẹ̀ Èkó àti Ìgbìmọ̀ Ìrànlọ́wọ́ Òfin ti ìjọba àpapọ̀ wà fún ẹni tí kò lówó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ná.

Ìyá Àdùkẹ́
Ìlàjà? A ti lọ, ó kọ̀, ó ní òun ò ní jókòó pẹ̀lú mi. Mo ní àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp tó fi ń bú mi, mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ó pọ̀ gan-an. Ìwé ìbí ọmọ àgbà wà lọ́wọ́ mi, ti kékeré ò sí, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ní. Ìyẹn náà ò burú, àbí? Orúkọ ọmọ àgbà ò bára mu díẹ̀, ní ilé ìwé wọ́n fi Kẹ́hìndé sí i, nínú ìwé ìbí kò sí.

Akọ̀wé Fáìlì
Ibí gan-an ló ń dá fọ́ọ̀mù padà! Orúkọ ọmọ inú fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bá ìwé ìbí mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Bí ti ilé ìwé bá yàtọ̀, ẹ búra pé ọmọ kan náà ni, kí ẹ fi ìwé ìbúra náà kún un. Ní ti ọmọ kékeré, àjọ tó ń ka iye ènìyàn ni kí ẹ lọ gba ìwé ìbí lọ́dọ̀ wọn. Ìwé ìjọba ìbílẹ̀ yẹn lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó lórí fáìlì.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ tẹ̀ jáde láti inú fóònù, ẹ̀rí kọ̀ǹpútà ni. Apá 84 Òfin Ẹ̀rí ló kàn án: ìwé ìjẹ́rìí kan gbọ́dọ̀ bá a rìn, tó sọ fóònù tó ti jáde àti bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Láìsí ìyẹn, lọ́yà ọkùnrin náà máa dìde lé e. Èébú nìkan kọ́ ló yẹ kí ẹ kó o. Ẹ yan èyí tó mẹ́nu ba ọmọ, owó ilé ìwé, tàbí ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ láti dá wọn padà. Ẹ fi lẹ́tà A, B, C sí orí ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ìwé ìbúra yín sì dárúkọ lẹ́tà náà níbi tí ọ̀rọ̀ ti kàn án.

Níbi ohun tí ẹ fẹ́, kóòtù kì í fúnni lóhun tí ẹni kò béèrè. Ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ yín, ọjọ́ tí bàbá lè máa rí wọn, ìgbà tó máa gbé wọn àti ìgbà tó máa dá wọn padà, owó oúnjẹ lóṣù, iye náírà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, owó ilé ìwé lọ́tọ̀, ti ọsibítù lọ́tọ̀. "Kó máa tọ́jú wọn" ò tó. Ìdí tí ẹ fi kọ iye yẹn gbọ́dọ̀ hàn: ẹ so rìsíìtì mọ́ ọn, kí ẹ sì sọ iye tó ń wọlé fún ẹ̀yin náà. Ẹni tó bá fi owó tirẹ̀ pamọ́, wọn ò ní gba iye tó kọ gbọ́.

Àdírẹ́sì ọkùnrin náà ńkọ́? "Ilé aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí" ò ní ran bélífù, òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń gbé ìwé ẹjọ́ fúnni, lọ́wọ́. Nọ́ńbà ilé, àdúgbò, bọ́ọ̀sì-stọ́ọ̀pù, nọ́ńbà fóònù. Bélífù tí kò bá rí i máa búra pé òun ò rí i, ẹ ó wá máa bèèrè ààyè láti lẹ ìwé mọ́ ara ilé. Ibo ló ń gbé?

Ìyá Àdùkẹ́
Ẹ̀pẹ́ ló kó lọ. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ wà. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu jù nìyí: bélífù kan ti gbé ìwé kan wá fún mi láti Ẹ̀pẹ́, inú bí mi, mo fi há abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì. Ìyẹn ni mo fi sáré lọ gba fọ́ọ̀mù ní Ìkòròdú kí n lè ṣáájú rẹ̀.

Màmá Aláṣọ
Háà! Ìyá Àdùkẹ́! Láti òwúrọ̀!

Lọ́yà Wa
Ẹ dá gbogbo nǹkan dúró. Ẹ yọ ìwé náà jáde báyìí, kí ẹ kọ ohun tó wà lórí rẹ̀ síbí, yàtọ̀ sí orúkọ.

Ìyá Àdùkẹ́
Ó ní "Motion on Notice". Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè, tèmi wà nísàlẹ̀, wọ́n kọ "Respondent" sí i. Ó ń bèèrè pé kí àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ òun títí ẹjọ́ á fi parí. Ọjọ́ tí wọ́n dá jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bélífù ní kí n fọwọ́ sí i pé mo gbà á, mo fọwọ́ sí i.

Lọ́yà Wa
"Motion on Notice" ni ìwé tó fi ń bẹ kóòtù, tí wọ́n sì fi tó yín létí kí ẹ lè fèsì; "Respondent" ni ẹni tó máa fèsì. Ẹ̀yin ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Fọ́ọ̀mù tí ẹ ń kọ yẹn ò wúlò báyìí. Bí ẹ bá ṣí ẹjọ́ mìíràn ní Ìkòròdú lórí ohun kan náà, wọ́n máa pè é ní ìlòkulò ilé ẹjọ́, wọ́n sì lè gbé e sọnù. Ẹ kọ èsì ìbúra tako tirẹ̀ sínú fáìlì Ẹ̀pẹ́, nọ́ńbà ẹjọ́ náà gan-an ni kó wà lórí rẹ̀, kò gbọdọ̀ yàtọ̀ ní lẹ́tà kan. Ẹ mú ìwé ìbúra tirẹ̀, ẹ máa fèsì sí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan: ẹsẹ 4, kì í ṣe òótọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Èyí tí ẹ bá fò, kóòtù lè gbà pé ẹ gbà á. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa béèrè tiyín nínú ẹjọ́ kan náà.

Láti ìgbà tí bélífù ti fún yín ní ìwé náà ni ọjọ́ ti ń ka. Ní Háì Kóòtù Èkó, ọjọ́ 7 ni wọ́n ń fún ẹni tó fẹ́ takò. Bó bá jẹ́ ti májísíréètì, ẹ béèrè ní rẹ́jísìrì kóòtù náà, níbi tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Bí ó bá ti kọjá, ẹ fi ìwé béèrè fún àfikún ìgbà, owó ìdádúró á wà níbẹ̀. Ẹ má jókòó nílé pé ẹ ò ní lọ.

Bàbá Ìmọ̀ta
Mo sọ fún yín pé kóòtù ń ba ilé jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti pe ìyàwó rẹ̀ lẹ́jọ́ kí ó tó pe àgbà. Ìyẹn ò dáa.

Ìyá Àdùkẹ́
Mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Ta ló máa kọ ọ́ fún mi?

Akọ̀wé Fáìlì
Ẹni tó bá kọ ọ́ fún yín gbọ́dọ̀ kà á fún yín ní Yorùbá kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé wọ́n túmọ̀ rẹ̀, pé ó yé yín, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Bí wọn ò bá kọ ọ́ báyẹn, wọ́n lè kọ̀ ọ́ lójú ẹjọ́. Ẹ má san owó sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ sanwó bí kóòtù bá ṣe ní kí ẹ san án, ẹ gba rìsíìtì. Ẹ ṣe ẹ̀dà fún fáìlì, fún adájọ́, fún ọkùnrin náà, àti ọ̀kan tí wọ́n máa lu òǹtẹ̀ sí fún yín.

Láàárọ̀ ọ̀la ni kí ẹ gba ọ̀nà Ìmọ̀ta lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ mú ìwé bélífù, káàdì ìdánimọ̀, ìwé ìbí ọmọ àgbà, rìsíìtì ilé ìwé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ́jísìrì bóyá kóòtù ti pàṣẹ kankan kí ẹ tó dé, kí ẹ sì san owó ẹ̀dà tí wọ́n jẹ́rìí sí. Bó bá ti ní àṣẹ, ẹ pè mí kí ẹ tó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo.