Démò: àfihàn ni àbí ìtọ́wò?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti ka ohun tí Ẹ̀gbọ́n wa kọ lórí bí a ṣe máa pe àwọn ọ̀rọ̀ géèmù ní Yorùbá, pé kí démò, ìyẹn díẹ̀ nínú géèmù tí wọ́n ń fún èèyàn gbá kó tó ra odindi, máa jẹ́ "àfihàn", kí shooter, ìyẹn géèmù tí wọ́n ti máa ń yìnbọn, máa jẹ́ "géèmù ìpànìyàn". Mi ò kọ́kọ́ fẹ́ dá sí i, àmọ́ lópin ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá démò Metroid Prime Hunters, èyí tí wọ́n ń pè ní First Hunt, tí ilé iṣẹ́ Nintendo fi sínú páálí DS, ẹ̀rọ géèmù kékeré wọn, fún àwọn tó kọ́kọ́ rà á ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2004, kí géèmù fúnra ẹ̀ tó wá jáde ní 2006, ọwọ́ ṣì ń ro mí bí mo ṣe ń tẹ èyí, torí náà ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àfihàn kọ́. Àfihàn, ẹnìkan ló ń fi nǹkan hàn, tèmi ni kí n káwọ́ lẹ́rán kí n máa wòran. Fídíò tí wọ́n fi ń polówó géèmù, àfihàn nìyẹn. Démò, èmi ni mo wà nídìí ẹ̀, èmi ni mò ń tẹ bọ́tìnnì, èmi náà ni wọ́n ń pa. Díẹ̀ ni wọ́n bù fún mi nínú odindi pé kí n tọ́ ọ wò. Ìtọ́wò ni. Ẹ wo géèmù Doom ti 1993, apá àkọ́kọ́ látòkè délẹ̀ ni wọ́n fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá dùn mọ́ á wá sanwó ìyókù. Ta ló máa pe ìyẹn ní àfihàn?

"Ìpànìyàn" ńkọ́? Rárá o, ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ nìyẹn. "Ìyìnbọn" tí ẹlòmíì dábàá sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ Samus, obìnrin ọdẹ inú géèmù yìí, ohun tó wà lápá ẹ̀ kì í ṣe ìbọn tá a mọ̀, àfi bíi pé apá yẹn fúnra ẹ̀ ló ń tu iná, ìbọn nìkan sì la máa ń yìn. "Ta" ló gbòòrò: a máa ń ta ọfà, iná máa ń ta pàrà, àkeekèé máa ń ta èèyàn, ohunkóhun tó bá ṣáà ń fò jáde lọ gún nǹkan. A sì ti ní "atamátàsé" látijọ́. Géèmù atamátàsé! Ó dùn lẹ́nu, àbí? Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èmi ń ta, mo sì ń tàsé ṣáá, ṣùgbọ́n orúkọ géèmù ni, kì í ṣe orúkọ mi.

Ibi tó ti le ni àfojúsùn. Èèyàn méjì ló ti lò ó níbí, ọ̀kan fún iṣẹ́ tí géèmù ní kó o ṣe kó o tó lè kọjá, èkejì fún àmì kékeré àárín ojú ẹ̀rọ tó o fi ń wo ibi tí iná máa bà. Tí mo bá wá kọ ọ́ pé "àfojúsùn mi sọnù", ṣé mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe mọ́ ni àbí mi ò rí àmì yẹn? Ní tèmi, kí àfojúsùn dúró fún iṣẹ́ tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ká máa pe àmì yẹn ní "ojú ọta", torí ibi tó bá wò ni ọta ń lọ.

Handheld, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù tí à ń mú lọ́wọ́ gbá bíi DS: ẹ ní "alágbèéká". Láptọ́ọ̀pù náà alágbèéká ni, ta ló ń gbé láptọ́ọ̀pù sókè lọ́wọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́? Nínú démò yìí, ọwọ́ òsì ló di ẹ̀rọ mú, òun náà ló ń rìn, òun náà ló ń ta, ọwọ́ ọ̀tún wá di bírò oníke mú ó ń fi í fa ojú ọta kiri lórí gíláàsì ìsàlẹ̀ (méjì ni gíláàsì DS, ti ìsàlẹ̀ ló ń gbọ́ ìfọwọ́kàn), ìdí nìyẹn tí ọrùn ọwọ́ fi ń dun èèyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àfọwọ́mú ni, ọwọ́ mi ni ẹlẹ́rìí. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ṣá pé bírò yẹn yá ju bọ́tìnnì lọ. PSP, ẹ̀rọ géèmù ti Sony tó jáde nígbà kan náà, ọ̀pá ìdarí kan ṣoṣo ló ní, bọ́tìnnì lásán ni wọ́n sì sábà máa ń fi yí ojú kiri nínú irú géèmù báyìí.

Ó ku ọ̀kan. Tó o bá fi bírò kan gíláàsì lẹ́ẹ̀mejì, Samus á fò. Gbogbo ìgbà tí nǹkan bá já lu èmi láti ẹ̀yìn, jìnnìjìnnì á mú mi, màá kan gíláàsì kọ́-kọ́, ló bá fò sókè láìnídìí, wọ́n á sì ta á sílẹ̀ látòkè. Mo ti ń pe irú fífò yẹn ní "ìtagìrì". Ẹni tó bá ní èyí tó jù ú lọ kó gbé e wá.