Ọmọ ajá lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: ṣé kí n tẹ́ pẹ́ẹ̀dì tó ń fa ìtọ̀ mu fún un ni, àbí kí n máa gbé e lọ sísàlẹ̀?

Alájà Kẹta: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin alájá. Ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ 9 ló wà nílé, àjà kẹta la sì ń gbé. Abẹ́rẹ́ kan péré ló tíì gbà, àwọn ajá mìíràn sì ń rìn káàkiri nínú kọ́ńpáùn. Ṣé kí n máa lo pẹ́ẹ̀dì títí yóò fi gba abẹ́rẹ́ tán? Bí mo bá gbé e lọ sísàlẹ̀, eré ló ń ṣe; bá a bá ti wọlé ni yóò tọ̀ sí pálọ̀.

Dókítà Ẹranko: Ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ níbi tí ajá oníajá ti ń kọjá. Parvo, kòkòrò àrùn ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ọmọ ajá, lè wà nínú iyẹ̀pẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìkú. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni abẹ́rẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 síra wọn títí ajá yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16, torí ààbò tó mu nínú ọmú ìyá rẹ̀ lè sọ abẹ́rẹ́ ìṣáájú di asán. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 kún un lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn. Lórí sìmẹ́ńtì, ẹ fọ ìgbẹ́ kúrò ná, kí ẹ tó da bílíìṣì ife 1 tí ẹ pò mọ́ omi ife 30 sí i, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Nínú iyẹ̀pẹ̀, bílíìṣì kò lè pa á.

Olùkọ́ Ajá: Òótọ́ ni dókítà sọ, àmọ́ èmi ò ní yan pẹ́ẹ̀dì. Irú ilẹ̀ tí ọmọ ajá bá ti ń tọ̀ sí láti kékeré ló máa ń wá kiri. Èyí tí wọ́n tọ́ lórí sìmẹ́ńtì nínú kéèjì, kò rí ìyàtọ̀ láàárín ibẹ̀ àti táìsì pálọ̀. Èyí tó mọ pẹ́ẹ̀dì, rọ́ọ̀gì ni yóò bá lọ, torí pé ó rọ̀ bákan náà.

Ẹ gbé páànù fífẹ̀ sí bákóní, kó fẹ̀ tó pé ajá lè yípo nínú rẹ̀, torí yóò yípo kó tó ṣu. Ẹ da yanrìn tó mọ́ sí i, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ gbé e lọ síbẹ̀ gbàrà tó bá jí, ìṣẹ́jú 5 sí 20 lẹ́yìn oúnjẹ, lẹ́yìn eré, àti kó tó sùn. Lọ́sàn-án, kó má ju wákàtí 2 lọ kí ẹ tó tún gbé e lọ. Lóru, ẹ jí i lẹ́ẹ̀kan.

Ti eré yẹn: ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú 5, ẹ má bá a sọ̀rọ̀. Bí kò bá tọ̀, ẹ gbé e mọ́ra tàbí kí ẹ tì í mọ́ kéèjì fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún padà. Bó bá ti tọ̀ tán, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti fún un lẹ́ran díẹ̀. Tó bá di inú ilé, kò mọ ohun tí ẹ ń yìn ín fún mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti imú rẹ̀ bọ ìtọ̀. Ẹ̀yìn àga ni yóò máa lọ tọ̀ sí, kò sì ní tọ̀ níwájú yín mọ́ níta.

Alájà Kẹta: Ẹ ṣeun gan-an. Ojú kan náà ló ń padà sí ní pálọ̀ ńkọ́?

Dókítà Ẹranko: Òórùn ló ń pè é. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án, kí ẹ wá fi fínígà àti omi ní ọgbọọgba nù ún. Ohun ìfọlẹ̀ tó ní ammonia kò dára, òórùn rẹ̀ jọ ti ìtọ̀. Ẹ má sì da fínígà pọ̀ mọ́ bílíìṣì láé, èéfín rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró.

Olùkọ́ Ajá: Tó bá gba abẹ́rẹ́ tán, ẹ bu yanrìn tó ti tọ̀ sí, ẹ dà á síbi tí ẹ bá fẹ́ nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ máa mú un lọ lójoojúmọ́, kí ẹ tó gbé páànù kúrò ní bákóní.