Mo fẹ́ lọ sí Texas Frightmare Weekend fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Houston ni mò ń gbé, fíìmù adẹ́rùbani ni mo sì fẹ́ràn jù. Mo ti pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí, màá lọ bá àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní Texas Frightmare Weekend, àpéjọ tí wọ́n máa ń ṣe lágbègbè Dallas. N ò lọ irú ẹ̀ rí. Tony Todd, òṣèré tó ṣe Candyman, ni ǹ bá fẹ́ rí jù, àmọ́ ó kú ní 2024. Ìyẹn ni n ò ṣe fẹ́ sún un síwájú mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló ń kọ mí lóminú. Wọ́n ní owó ìwọlé lọ́tọ̀, owó kí òṣèré fọwọ́ sí fọ́tò lọ́tọ̀, owó kéèyàn ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀ tún lọ́tọ̀. Ṣé káàṣì ni kí n kó dání, àbí wọ́n ń gba káàdì nídìí tábìlì àwọn òṣèré?

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, fẹ́ bá mi lọ. Ó ti ń po omi ṣúgà tó ki mọ́ aró pupa, ẹ̀jẹ̀ tó máa fi kun ojú nìyẹn. Ó ti ta sí ìrọ̀rí. Ṣé wọ́n á jẹ́ kó mú àdá tí wọ́n fi fóòmù ṣe wọlé?

Màmá wa sọ pé àpéjọ ẹlẹ́mìí òkùnkùn ni. N ò fẹ́ bá wọn jiyàn, mo kàn fẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mú ọmọdé lọ rí, kí lẹ sọ fáwọn òbí yín? Ọjọ́ wo lèrò kì í sì í pọ̀, ọjọ́ Ẹtì àbí ọjọ́ Àìkú?