Èèkù abẹ bàbá àgbà mi tí mò ń fi igi ṣe, ó ti fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbà mí o

ỌmọOnígbàjámọ̀:
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Bàbá tó bí bàbá mi ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀ l'Abẹ́òkúta, nígbà tí wọ́n ń pín ẹrù wọn èmi ni mo mú àpò abẹ torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Abẹ kan wà níbẹ̀, èyí tó máa ń ká sínú èèkù ẹ̀ yẹn, wọ́n tẹ Sheffield, orúkọ ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí i lára. Irin ẹ̀ ṣì dáa gan-an àmọ́ èèkù dúdú tó wà lára ẹ̀ ti sán káàkiri, apá kan tiẹ̀ ti jábọ́. Mo wá ní kí n fi igi ṣe òmíì fúnra mi. Lákọ̀ọ́kọ́ mo gba àjákù arère lọ́wọ́ káfíńtà àdúgbò wa, mo gé e sí awẹ́ méjì, mo fi sáńdìpépà fá a títí ó fi ń dán, bí mo ṣe ní kí n fi hámà gbá ìṣó idẹ báyìí ló là láti ojú ihò dé ìdí. Mo lọ ra òsùn, pupa ẹ̀ wù mí, ìyẹn náà ṣẹ́ níbi tí mo ti gé e kọdọrọ. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ò tíì fọ́, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n tí mo bá ti ká abẹ wọlé, ẹnu ẹ̀ á lọ máa ha awẹ́ apá òsì, kì í jókòó sí àárín. Ṣé igi yìí ni àbí ọwọ́ mi?

BàbáGbẹ́gi:
Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara ẹ̀, tó bá gbẹ́ ẹ ni, kí la fẹ́ máa jẹ 😂
Ẹ fi arère sílẹ̀ jàre, igi sílíìn ni, ó rọ̀ jù, kò lè di ìṣó tín-ín-rín yẹn mú. Òsùn dáa, apá náà dáa, ìrókò náà ṣeé ṣe àmọ́ ẹ bo imú yín torí ẹ̀tù ìrókò máa ń ta èèyàn lójú àti lọ́fun, èmi tí mo ti ń gbẹ́gi tipẹ́ ṣì ń sín. Èyí tó ṣẹ́ yẹn, ó dá mi lójú pé iṣan igi ló dá a lẹ́jọ́. Ẹ wo iṣan igi kí ẹ tó fa ìlà, kó gba gígùn èèkù láti orí dé ìdí, tó bá dábùú níbi tó tẹ̀ yẹn, ibẹ̀ náà ló máa dá. Igi tútù ńkọ́? Ẹni tó tà á fún yín lè sọ pé ó ti gbẹ, ẹ gbé e sínú ilé fún oṣù mélòó kan ná, torí awẹ́ tí ò ju mìlímítà 3 lọ, tí omi bá ṣì wà nínú ẹ̀, ó máa lọ́ ni.
Ihò ni kí ẹ kọ́kọ́ lu kí ẹ tó gbẹ́ ẹ, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ fi tépù olójú méjì lẹ awẹ́ méjèèjì pọ̀, ẹ fi igi míì tẹ́ ìsàlẹ̀, ẹ wá lu ú pa pọ̀, kí ihò lè bára mu.

ÀǹtíPeckham:
Àbúrò mi, kú iṣẹ́ o. Mo máa ń ra irú abẹ yẹn lọ́jà àlòkù níbí, mo ti pààrọ̀ èèkù tó pọ̀. Kí n tó dá ẹ lóhùn, èèkù dúdú àtijọ́ yẹn, fi ọwọ́ ra á kó gbóná díẹ̀ kí o gbóòórùn ẹ̀. Tó bá ń rùn bíi kàfúrà, sẹ́lúlọ́ìdì ni, irú ike àtijọ́ kan, má gbé e sínú àpótí kan náà pẹ̀lú irin o, bó ṣe ń jẹrà ó ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó máa ń mú irin dípẹtà, mo ti pàdánù abẹ kan tí wọ́n ṣe ní Solingen nílẹ̀ Jámánì sí i, ó dùn mí títí dòní. Ó tún máa ń gbaná gan-an, má fi iná kàn án.
Ó yá, ọ̀rọ̀ ti pé kò jókòó sí àárín. Kì í ṣe igi, wẹ́ẹ̀jì ni. Ṣé o mọ ègé kékeré tó há sáàárín awẹ́ méjèèjì nísàlẹ̀ pátápátá, báwo lo ṣe gé tìẹ? Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn gé e pẹrẹsẹ bí ègé páálí. Ibi tí irin wà lókè nípọn ju ìdí lọ, torí náà àlàfo tó wà láàárín awẹ́ ń fún bọ̀ láti òkè, wẹ́ẹ̀jì gbọ́dọ̀ bá a fún, kó nípọn díẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ abẹ, kó fẹ́lẹ́ nídìí. Tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan bá wá ga ju ìkejì lọ, bó kéré bó kéré, gbogbo èèkù máa yí, ẹnu abẹ á sì lọ sápá kan. Òjé ni wọ́n máa ń fi ṣe é tẹ́lẹ̀, èmi máa ń fi eegun màlúù ṣe é. Rọra fi fáìlì fá a, kí o máa dì í wò kí o tó kan ohunkóhun pa. Fi tépù wé ẹnu abẹ yẹn o jọ̀ọ́.

Sùúrù_Lérè:
Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ fẹ́ máa fi fárí fún èèyàn ni? Tó bá jẹ́ pé irùngbọ̀n tiyín nìkan ni, kò burú, ẹ má fi abẹ kan náà kárí o, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ wà níta.

ỌmọOnígbàjámọ̀:
Rárá o, tèmi nìkan ni 🙏 Àǹtí, pẹrẹsẹ gan-an ni mo gé e, ẹ dákun ẹ má rẹ́rìn-ín mi. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ báwo ni ẹ ṣe máa ń gbá ìṣó yẹn tí igi ò fi ní là?

BàbáGbẹ́gi:
Ẹ má lo ìṣó, ọ̀pá idẹ mìlímítà 1.6 ni kí ẹ wá, àwọn wẹ́dà máa ń ní in. Ẹ fi wáṣà idẹ, òrùka pẹlẹbẹ kékeré yẹn, sí i lójú méjèèjì, ẹ gé e kó yọ bíi mìlímítà 1 péré, ẹ wá fi hámà kékeré olórí róbótó máa tọ́ ọ, kì í ṣe ká gbá a o, ká máa tọ́ ọ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, ẹ yí i padà, ẹ tọ́ ojú kejì, títí orí ẹ̀ á fi tẹ́ bí olú. Tí ẹ bá kánjú, ọ̀pá inú á tẹ̀, igi á là. Òróró línsíìdì ni kí ẹ fi pa á, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó pa òmíì lé e.

ỌmọOnígbàjámọ̀:
Mo ti padà dé o. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi fá wẹ́ẹ̀jì, eegun ẹsẹ̀ màlúù ni mo lò, ìyàwó mi ní kí n gbé òórùn ẹ̀ jáde nílé. Abẹ ti jókòó sí àárín gbọngbọn! Mo ti kan ìsàlẹ̀. Ti òkè ló kù, wáṣà kan ló bọ́ sínú ẹ̀tù òsùn nílẹ̀, láti àárọ̀ ni mo ti ń fi mágínẹ́ẹ̀tì wá a kí n tó rántí pé idẹ ni.

ÀǹtíPeckham:
😂😂😂 Gbá ilẹ̀, kí o fi asẹ́ sẹ̀ ẹ́.